Wákàtí Mẹ́tàlá sí Ṣakí

Láti ọjọ́ tí a ti sin Fàtímọ̀, ẹja yìnyín kò wọ ẹnu mi mọ́. Bí wọ́n bá ń kiri rẹ̀ bọ̀ níwájú ilé mi, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo ń ṣe bí aláboyún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Èmi Ìyá Jẹ́ẹ́dé, mo ti ń wẹ òkú àwọn obìnrin mùsùlùmí ní Ilero láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ti wẹ ẹni tí àìsàn jẹ títí tó fi ku egungun, mo ti wẹ ẹni tí mọ́tò gbá lójú ọ̀nà Òkèhò, mi ò di imú rí. Ti Fàtímọ̀ nìkan ni mo wẹ̀ tí mo sáré jáde lọ bì sẹ́yìn ilé.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni irú ènìyàn tí Fàtímọ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó ní ìmọ́tótó tó o ní gbogbo Ilero, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Èlùbọ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Samsudeen, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gba oko iṣu ọkọ náà, ó ń dá a ro. Àwa yòókù, bí a bá bẹ iṣu tí a bọ̀ ọ́ tán, a óò sá a sórí àpáta, a óò bá tiwa lọ. Fàtímọ̀ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ gbá àpáta, á da omi sí i, á fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kírun lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà á mú ọ̀pá lọ́wọ́, á jókòó ti iṣu títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, torí ewúrẹ́. Tí ewúrẹ́ bá fi ẹsẹ̀ kan ẹyọ iṣu kan péré, á yọ ọ́ kúrò, á sọ ọ́ nù. A ní, "Fàtímọ̀, ṣé àwọn máláíkà ló fẹ́ jẹ èlùbọ́ rẹ ni?" Ó ní, "Ènìyàn ni. Ènìyàn náà ò ṣá yẹ kó jẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́." Àwọn tó ń ti Ìbàdàn wá ra èlùbọ́ kì í bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwa kí wọ́n tó bèèrè pé ṣé Ìyá Samsudeen ti tà tán. Èlùbọ́ yẹn ló rán ọmọ náà ní ilé ìwé, òun ló gbé e dé Ìbàdàn, òun náà ló sì gbé e wọ bàálù lọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kálígárì, ní Kánádà lọ́hùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo wà tí ara rẹ̀ kò gbà láyé, òórùn ẹja tútù ni. Ọ̀rẹ́ wa Misturat ló ń ta ẹja yìnyín, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí títù, ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Fàtímọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà ẹ̀yìn, tó jìn, tí ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò òjò, ló ń gbà lọ kírun. Misturat kì í bínú sí i. Ó ní bí gbogbo obìnrin Ilero bá ṣe imú bíi ti Fàtímọ̀, òun ì bá ti kó lọ sí Ìgbẹ́tì lọ máa fọ́ òkúta.

Ọmọ náà lọ, kò padà wá. Ọdún mọ́kànlá. Mi ò sọ pé ọmọ burúkú ni. Kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tọrọ nǹkan, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì ń pè é lórí fóònù, irú ìpè tí wọ́n fi ń rí ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ ní Iléyá, Iléyá dé, kò dé. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, òjò dá, kò dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, etí mi báyìí ló ń gbọ́ ọ: "Màámi, kò jìnnà. Ọjọ́ tí mo bá gbéra, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni màá fi dé." Ọdún mọ́kànlá ni ibi tí kò jìnnà yẹn fi jìnnà.

Ẹ wá wo Fàtímọ̀ bí ọjọ́ Àìkú bá pé. Á wẹ̀. Á kun àtíkè, á wé gèlè, á wá mú lọ́fínńdà tí ọmọ náà fi ránṣẹ́, á fín in sí ọrùn, á fín in sí ọwọ́ méjèèjì. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni lọ́fínńdà ń wá nínú fóònù. Ó ní, "Ìyá Jẹ́ẹ́dé, ẹ fi mí sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbàgbé òórùn mi." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìṣínu, ó pè mí sínú yàrá. Ó fa báàgì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun tí a fi ń di òkú ló wà nínú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ tuntun ni. Ọṣẹ wà níbẹ̀, kànrìnkàn tuntun wà níbẹ̀, àti ìgò lọ́fínńdà kan tí kò tíì ṣí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ wẹ̀ mí. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá mi lókè ilẹ̀. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Samsudeen ńkọ́?"

Ó tún aṣọ náà ká. Ó ní, "Bó bá fẹ́ rí mi, kó wá rí mi láàyè. Bí mo bá ti kú, mo fẹ́ lọ bí mo ṣe mọ́."

Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe.

Ní ìdájí ọjọ́ Àtàlátà kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó mú wa yìí, Fàtímọ̀ ṣe àlùwàlá tán, ó gbé bútà sílẹ̀, ó sì ṣubú tì í. Kí wọ́n tó pè mí dé, ó ti lọ. Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lápá rẹ̀. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé ó rí ohun tó ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lèmọ́mù wá, ó ní bí a bá ti kí ìrun Àílà tán, a óò kírun sí i lára, a óò sì sin ín. Mo lọ sílé lọ mú àpò iṣẹ́ mi.

Ìgbà tí mo máa padà dé, Adékúnlé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àbúrò Fàtímọ̀ ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Ìsẹ́yìn ló ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí a lè bá a sọ tí kò ní kọ́kọ́ wo fóònù. Ó ní àwọn ti pe Samsudeen, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní òun ń lọ wọ bàálù báyìí, kí á jọ̀ọ́ kí á dúró de òun, kí òun rí ojú màámi òun.

Mo ní, "Títí ìgbà wo?"

Ó gbé fóònù sójú mi. "Wákàtí mẹ́tàlá péré ni, Ìyá Jẹ́ẹ́dé. Ẹ wò ó. Bó bá gbéra lálẹ́ òní, kò ní ju àárọ̀ ọ̀la lọ."

Fóònù náà kò mọ Ilero, Ṣakí ló mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti Kálígárì dé Ṣakí, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kìlómítà ni, wákàtí mẹ́tàlá sì ni bàálù yóò fi fò ó.

Mo ní, "Adékúnlé, níbo ni bàálù náà fẹ́ bà sí ní Ṣakí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà. Ìṣirò ni."

"Mo mọ̀ pé ìṣirò ni. Mo ní níbo ló fẹ́ bà sí? Ṣé orí ebè iṣu ni?"

Ó tún bojú wo fóònù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn bàbá wa, lékeléke nìkan ló ń fò wá bà sí Ṣakí. Ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó bọ̀, Èkó ni yóò sọ̀ sí, yóò wá wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, dé Ọ̀yọ́, dé Ìsẹ́yìn, kó tó wá bá ihò ojú ọ̀nà wa fà á. Adékúnlé mọ̀. Ọ̀nà yẹn ló ń gbà lọ gbé ọjà. Ṣùgbọ́n fóònù ti sọ mẹ́tàlá, mẹ́tàlá sì dùn létí rẹ̀.

Lèmọ́mù ní òkú kì í dúró de èrò ọ̀nà. Adékúnlé fa ara rẹ̀ ró, ó ní, "Bàbá, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Òwe yẹn pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́. Ta ló fẹ́ bá a jà, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin náà bí? Lèmọ́mù alára wolẹ̀. Ó ní bí kò bá ṣáà ní kọjá àárọ̀ ọ̀la, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo kù. Mo sọ ohun tí Fàtímọ̀ bá mi sọ, mo fa báàgì jáde, mo fi aṣọ hàn wọ́n. Adékúnlé ní, "Ìyá Jẹ́ẹ́dé, ẹ̀yin lẹ ń wẹ òkú, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín." Ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí ló sọ bẹ́ẹ̀ sí mi.

Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé ajá ò kúrò lábẹ́ àmù. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. Adékúnlé kọ̀, ó ní òru kan péré ni, àwọn ènìyàn á máa sọ pé wọ́n gbé ìyá mùsùlùmí lọ sí mọ́ṣúárì. Ojú ayé ló ń rò. Kí ló wá ṣe? Ó ti bárò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Misturat lọ kó yìnyín.

Misturat bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹja ló ti ń sùn lórí yìnyín yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Fàtímọ̀." Adékúnlé ní ẹni tó ti kú kì í gbóòórùn. Wọ́n da yìnyín náà sínú ọ̀rá, wọ́n tò ó yí i ká láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń dán yinrinyinrin. Obìnrin tó ń gba inú ẹrẹ̀ lọ kírun torí òórùn ẹja, òun ni wọ́n tẹ́ sáàárín ẹja yẹn.

Àárọ̀ Àlàrúbà dé, Samsudeen kò tíì dé ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Kò sí bàálù tó ń ti Kálígárì bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa tààrà. Èyí tó wọ̀ pẹ́, kó sì tó dé Jámánì, èyí tó yẹ kó bọ́ sí níbẹ̀ ti fò lọ. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rí òmíràn. Adékúnlé tún wo fóònù, ó ní láti Jámánì, wákàtí mẹ́fà péré ló kù. Péré. Mo ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú fóònù rẹ̀ Samsudeen ń súnmọ́ wa, lójú tèmi yìnyín ń yọ́. Omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, eṣinṣin bò ó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá ewúrẹ́ kan tó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń lá omi náà. Mo sọ òkò sí i, mo ń sunkún, mo sì ń ṣépè. Mo ṣépè fún ewúrẹ́, mo ṣépè fún fóònù. Adékúnlé tún ti bárò jáde, ó lọ kó yìnyín míràn wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, bàálù bà sí Èkó. Adékúnlé kígbe ayọ̀, ó ní ṣé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó fẹ́ wọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn lóru nítorí àwọn ajínigbé, n kò sì lè bá wọn wí. Ọmọ náà sùn sí Èkó. Ìyá rẹ̀ sùn sínú títù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Jímọ̀ ni Lèmọ́mù wá fúnra rẹ̀. Kò tíì dé inú àgbàlá tó fi dúró. Ó ní bí ìrun Jímọ̀ bá ti parí, òun á kírun sí Fàtímọ̀ lára, ẹni tó bá fẹ́ dé kó dé. Adékúnlé kò pa òwe kankan.

Mo wọlé lọ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má bi mí bí ara rẹ̀ ti rí, mi ò ní sọ fún yín. Mo fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ títí ọṣẹ fi tán. Mo fi tèmi kún un. Mo da gbogbo lọ́fínńdà inú ìgò náà sí i lára, òórùn ẹja gba orí lọ́fínńdà, òmíràn tó burú ju ti ẹja lọ gba orí méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo jáde lọ bì. Mo ṣan ẹnu, mo padà wọlé, mo fi aṣọ funfun rẹ̀ dì í. Mo ṣẹ́ ojú rẹ̀ kù sílẹ̀, bí a ti máa ń ṣe fún ẹbí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró ọ̀kadà. Mọ́tò tó gbé e láti Èkó ti dákú sí ọ̀nà, ọ̀kadà ló gbé e dé. Samsudeen ti di àgbàlagbà, ewú ti yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀, eruku pupa bò ó láti orí dé bàtà. Ó ń pe "Màámi, màámi" bọ̀ láti ìta. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí imú.

Mo wo ọwọ́ yẹn.

Mo ní, "Wọlé. Mo ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dá a padà. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò ní imú. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo tẹ́ ìyá rẹ̀ sí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀tẹ̀ á rìn ín. Ẹni tó ti fò kọjá òkun kò lè rìn ín. Ó yí padà, ó di ògiri mú, ó ń bì. Adékúnlé wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo òrùlé.

Mo fa aṣọ bo Fàtímọ̀ lójú, mo so ó. Mo ní kí àwọn ọkùnrin wá gbé e.

Lèmọ́mù àti àwọn ọmọ aládùúgbò ló wọ inú sàréè gbà á, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di imú. Wọ́n ní Samsudeen dúró lábẹ́ igi ẹmi lọ́ọ̀ọ́kán, ibi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n dí sàréè tán kó tó wá bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí Adékúnlé wá tún un pa fún mi.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀ Samsudeen wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fọ ọwọ́ náà. Ó ti wẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo èébú tí mo ti kó jọ dè é láti ọjọ́ Àtàlátà ti wà lórí ahọ́n mi. Ó jókòó sílẹ̀, kò dìde mọ́.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Mo ti ń gbìyànjú láti rántí, mi ò rí i. Ṣé bí màámi ṣe máa ń rùn nìyẹn?"

Kì í ṣe pé ó ń bú u. Kò mọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ti nu òórùn ìyá rẹ̀ kúrò nímú rẹ̀, ohun tó bá lẹ́nu ọ̀nà yẹn nìkan ló sì máa gbé padà lọ sí Kálígárì. Mo wá èébú tí mo kó jọ, mi ò rí ọ̀kan bù.

Mo ní, "Rárá o. Ìyá rẹ máa ń wẹ̀ kí o tó pè é lórí fóònù."